Fídíò ìwúrí ò ṣiṣẹ́ fún mi mọ́, ṣé kí n máa kàwé ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mò ń ṣe ní Manchester níbí, ṣíìfù alẹ́. Mo ti sanwó kọ́ọ̀sì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí n lè padà sílé ìwé, àmọ́ ó ti tó oṣù mẹ́rin tí mi ò ṣí i mọ́. Tí mo bá délé láàárọ̀, màá wo fídíò ọ̀rọ̀ ìwúrí títí oorun á fi gbé mi lọ, orí mi á wú gan-an, tí mo bá wá jí, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n máa kàwé. Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́?

Ìdáhùn: Ẹ kú àìsùn o, ẹ kú làálàá. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ tí ẹ bá máa lò ó bí ẹ ṣe ń lo fídíò yẹn, ibì kan náà lẹ máa padà sí. Àwọn tó ń pariwo "dìde, o lè ṣe é" yẹn dà bíi mínírà tútù lọ́sàn-án gangan, ó dùn, kò sì pẹ́ tó fi ń tán lára. Wàhálà ibẹ̀ ni pé inú wa á dùn bí ẹni pé a ti ṣe nǹkan, ara á wá fẹ̀yìn tì, bẹ́ẹ̀ a ò tíì gbẹ́sẹ̀ kan. (Èmi náà ti ṣe é rí, ẹ má rò pé ẹ̀yin nìkan ni.)

Ìtàn yàtọ̀ sí ìyẹn. Ẹni tó kùnà tó tún bẹ̀rẹ̀, tí ìwé wá sọ ohun tó ṣe gan-an ní Túsìdeè kan tí òjò ń rọ̀ tí kò sówó lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ máa bá a ronú, ẹ máa bá a bínú, kó tó parí ẹ ti ń wo tiyín láti òkèèrè díẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ o: 1916 ni pásítọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Samuel Crothers, ti fún fífi ìwé tọ́jú èèyàn lórúkọ, bí ẹní ń ṣàwàdà. Ní England tí ẹ wà yẹn, láti 2013 ni wọ́n ti ní ètò kan, Reading Well, àwọn ìwé tí àwọn oníṣègùn fọwọ́ sí wà ní láíbìrì, ẹ lè yá wọn láìjẹ́ pé dọ́kítà kọ ọ́ fún yín, kò sì ní ná yín ní kọ́bọ̀.

Àmọ́ ẹ má fi ìwé olójú ewé ọ̀ọ́dúnrún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ti gbé arúgbó dìde látòru mọ́jú, orí ẹ̀ ò ráyè orúkọ tuntun. Ẹ wá èyí tẹ́ ẹ ti kà rí, kódà kó jẹ́ ti Yorùbá tẹ́ ẹ kà ní sẹ́kọ́ńdìrì, ìwé gidi o, kì í ṣe ti fóònù, torí fóònù ló máa fà yín padà sídìí fídíò. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kẹ́ ẹ tó sùn ti tó. Tí kò bá dùn, ẹ gbé e sílẹ̀, kò sí tíṣà tó máa nà yín. Ẹ wá kọ ohun kékeré kan tẹ́ ẹ máa ṣe tẹ́ ẹ bá jí sínú ìwé kékeré kan. Kékeré ni mo wí: ẹnì kan tó wá bá mi kọ "màá ṣí email ilé ìwé yẹn, mi ò ní fèsì," ó sì ṣí i. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Nǹkan kan wà tí ìwé ò lè ṣe ṣá. Iṣẹ́ alẹ́ máa ń jẹ oorun èèyàn, ẹni tí kò sùn dáadáa ò lè ní ìwúrí kankan. Tó bá sì ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí nǹkan kan ò dùn mọ́ yín mọ́, tí oúnjẹ ò lọ, tẹ́ ẹ kàn ń sunkún, ẹ lọ rí GP yín, ìyẹn dọ́kítà àdúgbò tẹ́ ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ó ń ṣe yín bíi kẹ́ ẹ kú, ẹ pe 116 123 lójú ẹsẹ̀, ti Samaritans ni, àwọn tó máa ń gbọ́ tẹni tí ayé sú, ọ̀fẹ́ ni, tọ̀sán tòru. Tó bá ti di pàjáwìrì, 999.

Kọ́ọ̀sì yẹn ńkọ́? Kẹ́ ẹ tó lọ yá ìwé kankan, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá àkókò tí wọ́n fún yín ò tíì tán.