Iná tí ń jò nínú ojú fóònù

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, mo kí yín. Mò ń tún fóònù ṣe nítòsí Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́. Wọ́n ní iná mànàmáná máa ń jò nínú síkírìnì. Báwo ni àwọn tó ń ṣe é ṣe ń dín in kù?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́. Lẹ́yìn ojú ìmọ́lẹ̀ kékeré kọ̀ọ̀kan tí ó para pọ̀ di àwòrán ni tìránsísítọ̀ kan wà, tí ó ń ṣílẹ̀kùn fún iná tí ó sì ń tì í, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn náà kì í pa dé tán, ìwọ̀nba iná díẹ̀ a sì máa yọ́ jáde kí àwòrán tuntun tó dé. Ìyẹn wà lára ohun tí ó ń mú kí síkírìnì tún àwòrán kan náà kọ, lọ́pọ̀ ìgbà ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tí bátìrì fi ń tètè lọ. Ìmọ́lẹ̀ tí ó bá kan sílíkọ́nì, èròjà tí wọ́n sábà fi ń ṣe tìránsísítọ̀ náà, ń dá kún jíjò náà, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń bò ó. Àtúnṣe tí mo kà sí jù ni ti onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Hideo Hosono àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan, tí wọ́n gbé tìránsísítọ̀ tí wọ́n fi indium, gallium, zinc àti ọ́síjìn ṣe jáde ní 2004: jíjò tirẹ̀ kéré débi pé àwọn fóònù kan lè tún àwòrán tí kò mira kọ ní ẹ̀ẹ̀kan péré láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Inú tìránsísítọ̀ síkírìnì gan-an ni jíjò yìí wà, kò ṣe é fi òjé dí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gba owó oníbàárà lé e.