Kóòdù ń ṣiṣẹ́, ṣé físíìsì rẹ̀ yé wọn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún kejì bí a ṣe ń fi kọ̀ǹpútà ṣe físíìsì. Kóòdù Python gbogbo wọn ló ń ṣiṣẹ́, gíráàfù wọn sì jọra bí ìbejì. Báwo ni mo ṣe máa mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ náà yé?

Ìdáhùn: Ẹ kú làálàá. Ẹ má kó máàkì lé kóòdù tó ń ṣiṣẹ́ lórí. Ọ̀rẹ́ lè fún un, AI lè kọ ọ́. Nínú máàkì 20, mi ò kì í fún kóòdù ní ju 5 lọ.

Ẹ fún wọn ní bọ́ọ̀lù tó já bọ́ láti orí òkè ilé. Kí wọ́n fi ọ̀nà Euler, ìyẹn ṣíṣírò ìrìn rẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kéékèèké, wá ibi tó dé lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 1, kí òòfà ilẹ̀ jẹ́ 9.8, kí wọ́n má ka atẹ́gùn sí. Mítà 4.9 ló yẹ kó jẹ́. Àmọ́ bí wọ́n bá ń fi ìgbésẹ̀ àáyá 0.1 rìn, 4.41 ni kọ̀ǹpútà máa gbé jáde. Ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ ti bi wọ́n: kí ló dé tó fi dín? Ẹni tó yé á ní bọ́ọ̀lù ń yára sí i láàárín ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ìyára ìbẹ̀rẹ̀ ìgbésẹ̀ la fi ṣírò.

Ẹ tún bi í pé bí a bá fi 0.05 rìn ńkọ́? Kó kọ ìdáhùn sílẹ̀ kó tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Á di 4.655: àṣìṣe 0.49 ti di 0.245, ìdajì géérégé.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni pé kí ẹ pààrọ̀ ìlà méjì nínú kóòdù rẹ̀, kí ìyára kọ́kọ́ yí padà kí bọ́ọ̀lù tó sún. Bí ìgbésẹ̀ bá jẹ́ 0.1, èsì á fò sí 5.39. Kóòdù kò ké, kò sì kọṣẹ́. Ẹ wá bi í pé kí ló fà á. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣe àdàkọ á wulẹ̀ máa wojú yín ni. Mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì máa ń dùn mí, torí ọmọ náà gbà pé òun mọ̀ ọ́n.

Bí iná bá lọ, kò burú. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ kò ju iṣẹ́ kalikulétọ̀ lọ, wọ́n lè ṣe é lórí ìwé nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Bí kíláàsì bá sì pọ̀, ẹ pè wọ́n ní méjì-méjì, ìṣẹ́jú márùn-ún péré, kí oníkálùkù ṣàlàyé kóòdù ẹnì kejì rẹ̀.