Ẹ Bi Àǹtí Kíbọ́ọ̀dù: Ibo ni wọ́n kó gbogbo nǹkan sí lójú Word?

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún 59 ni mí. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mí ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ wa ni, èmi tí mo ti ń fi bírò kọ̀wé láti kékeré. Ọmọ mi ọkùnrin bá mi fi Word, ètò tí wọ́n fi ń kọ̀wé, sórí kọ̀ǹpútà, ó sì kọ́ mi fún bí ìṣẹ́jú 10. Ó ń tẹ ibí, ó ń tẹ ọ̀hún, ó ní, "Ṣé ó yé yín?" Mo ní ó yé mi. Irọ́ ni mo pa. Bí mo bá ṣí i báyìí, àwọn àmì wẹ́wẹ́ yẹn á kàn máa wò mí, èmi náà á máa wò wọ́n. Kí n tó rí èyí tí mò ń wá, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kọ ti fò lọ lórí mi. Lánàá, gbogbo wọn tún wá pòórá, ó ku orúkọ mélòó kan lókè. Ṣé mo ti bà á jẹ́ ni? Kí ló di dandan kí n mọ̀ níbẹ̀, kí sì ni mo lè fojú fò?
– Akọ̀wé Tuntun

ÌDÁHÙN: Akọ̀wé wa, ẹ kú oríire ipò tuntun. Ẹ ò ba nǹkan kan jẹ́. Ọwọ́ yín ló tẹ ọ̀kan nínú àwọn orúkọ òkè yẹn lẹ́ẹ̀mejì léra wọn, Word sì rò pé ẹ fẹ́ kí òun ká àwọn àmì náà kúrò kí àyè lè gbà yín. Ẹ tún un tẹ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á padà wá. Bí ẹ bá fẹ́ràn kíbọ́ọ̀dù bíi tèmi, ẹ di Ctrl mú kí ẹ tẹ F1. Àwọn kọ̀ǹpútà alágbèéká kan wà tó jẹ́ pé ẹ ó di Fn mú pẹ̀lú rẹ̀.

Irọ́ tí ẹ pa fún ọmọ yín yẹn, èmi náà pa á rí. Ọdún 11 ni mo fi tẹ táípù kí n tó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. Lórí táípù, bí ìlà bá fẹ́ẹ́ parí, aago á dún, ẹ ó sì fọwọ́ tì í padà. Nígbà tí mo dé orí Word, aago ni mò ń retí. Nígbà tí n kò gbọ́ ọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Enter ní ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan. Ìwé náà dára lójú, àfìgbà tí ọ̀gá mi ní kí n jẹ́ kí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ tóbi díẹ̀ sí i. Gbogbo ìlà bá já sí méjì-méjì, ọ̀kan gùn, ọ̀kan kúrú, bí eyín ọmọ ọdún mẹ́fà. Word fúnra rẹ̀ ló ń ṣẹ́ ìlà, ẹ fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ fún un. Ìgbà tí ìpínrọ̀ bá parí nìkan ni kẹ́ ẹ tẹ Enter.

Ìgbà kejì tí ojú tì mí ni ọdún 2007. Mo ní ìwé pélébé kan tí mo kọ ibi tí gbogbo nǹkan wà sí: èyí wà lábẹ́ Format, tọ̀hún wà lábẹ́ Tools. Àfi bí Word 2007 ṣe dé tí kò sí Format, tí kò sí Tools mọ́. Pátákó gbọọrọ tí wọ́n ń pè ní ribbon ni wọ́n fi rọ́pò wọn, òun náà ló sì ń wò yín yẹn. Ìwé mi di bébà ìnuwọ́. Láti ọjọ́ náà ni n kì í ti í kọ́ ẹnikẹ́ni ní ibi tí bọ́tìnnì wà mọ́. Ìbéèrè tí apá kọ̀ọ̀kan ń dáhùn ni mo ń kọ́ wọn.

Àwọn orúkọ tó wà lórí ribbon tó bíi 10. Ẹ má kà wọ́n. Bí ẹ bá ń bi ara yín pé, "Báwo ni ọ̀rọ̀ tí mo ti kọ yìí ṣe máa rí?", Home ni kẹ́ ẹ lọ: ibẹ̀ ni ẹ ó ti jẹ́ kó dúdú kirikiri, kó tẹ̀, kó tóbi, kó wà láàárín. Bó bá jẹ́ pé nǹkan tí kò sí níbẹ̀ lẹ fẹ́ fi kún un, àwòrán ni o, tébù ni o, nọ́ńbà ojú ìwé ni o, Insert ni. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ bébà fúnra rẹ̀, bóyá ó máa dúró tàbí ó máa dùbúlẹ̀, báwo ni àlàfo etí rẹ̀ ṣe máa fẹ̀ tó, Layout ni. Review wà fún ìgbà tí ẹlòmíràn bá fẹ́ bá yín yẹ iṣẹ́ náà wò. View ńkọ́? Ojú tiyín nìyẹn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ohun tí ẹ bá ṣe níbẹ̀, bí ẹ ṣe ń rí ìwé náà nìkan ló ń yí padà, bébà tó máa jáde nínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò mọ̀ sí i. Nítorí náà, ẹ lọ máa ṣeré nínú View dáadáa. Àwọn tó kù, bíi Mailings àti References, ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró de ọjọ́ tí ẹ bá nílò wọn.

File ló kọ́kọ́ wà lápá òsì, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹgbẹ́ àwọn yòókù. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ìwé yín á kúrò lójú pátápátá, ojú mìíràn á sì bo gbogbo rẹ̀. Ẹ má ṣe pariwo o. Ẹ tẹ Esc, ẹ ó padà sídìí iṣẹ́ yín. Inú File lẹ ti ń ṣí ìwé, tí ẹ ti ń fi í pamọ́, tí ẹ sì ti ń tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ohun méjì kan tún máa ń rú àwọn èèyàn lójú lórí ribbon. Ọ̀kan ni ọfà tín-ín-rín tó wà ní igun ìsàlẹ̀ àwọn ìdìpọ̀ kan, bíi Font àti Paragraph. Àwọn bọ́tìnnì tí ẹ ń rí níta kì í ṣe gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Ẹ tẹ ọfà náà, ìyókù á yọ. Èkejì ni orúkọ tó ń wá tó tún ń lọ. Bí ẹ bá tẹ àwòrán tó wà nínú ìwé yín, Picture Format á yọjú. Bí ẹ bá kúrò lórí àwòrán náà, òun náà á bá tirẹ̀ lọ. Kì í ṣe pé ẹ sọ ọ́ nù.

Ó yá, ẹ gbójú sókè pátápátá, sí orúkọ ìwé. Bí ẹ bá rí Document1 níbẹ̀, ẹ mọ̀ pé ìwé náà kò tíì ní ilé. Ẹ tẹ Ctrl àti S pọ̀, kẹ́ ẹ sọ ọ́ lórúkọ, kẹ́ ẹ sì yan fóòdà tó máa wọ̀ sí. Bọ́tìnnì AutoSave tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ àfi bí ìwé bá wà lórí OneDrive tàbí SharePoint, ìyẹn àwọn ibi ìfipamọ́ Microsoft lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, torí náà ẹ má gbára lé e. Ọfà tó tẹ̀ sápá òsì níbẹ̀ yẹn, tàbí Ctrl àti Z, ló ń dá ohun tí ẹ ṣe kẹ́yìn padà. Èmi máa ń tẹ̀ ẹ́ nígbà márùn-ún, mẹ́fà léra wọn, ojú kì í tì mí.

Bébà funfun tó wà láàárín ńkọ́? Àwọn tí mo ti kọ́ máa ń rò pé ibi tí máòsì bá wà ni ọ̀rọ̀ máa bọ́ sí. Rárá. Ibi tí ìlà kékeré òòró yẹn bá ti ń ṣẹ́jú ni. Ẹ lè gbé máòsì lọ sí ìsàlẹ̀ ìwé kẹ́ ẹ máa tẹ̀wé, kí gbogbo rẹ̀ sì wà lókè níbi tí ẹ ò rí. Ẹ gbọ́dọ̀ tẹ bọ́tìnnì òsì máòsì níbi tí ẹ fẹ́ kí ìlà náà tó lọ síbẹ̀. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ bí ẹ bá fa ìwé náà wálẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún: ojú yín ló lọ, ìlà tó ń ṣẹ́jú ò kúrò níbi tó wà. Bí ẹ bá fẹ́ kó lọ sí òpin ìwé, Ctrl àti End ni. Bó bá jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀, Ctrl àti Home.

Rúlà ni mo fẹ́ràn jù lójú Word, òun sì ni wọn kì í kà sí. Bí kò bá hàn lókè bébà, ẹ lọ sí View, kẹ́ ẹ fi àmì sí Ruler. Ibi tó funfun lára rẹ̀ ni ààyè ọ̀rọ̀ yín. Ibi tó ní àwọ̀ eérú ni àlàfo etí bébà, èyí tó sábà máa ń jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2.54, ìyẹn ínṣì 1. Lápá òsì, ẹ ó rí onígun mẹ́ta kéékèèké méjì tí wọ́n dojú kọra, àti àpótí kékeré kan nísàlẹ̀ wọn. Tòkè ń ti ìlà àkọ́kọ́ ìpínrọ̀ nìkan. Tìsàlẹ̀ ń ti àwọn ìlà yòókù. Àpótí ń kó gbogbo wọn lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá mọ mẹ́ta yìí kò ní máa gbá spacebar lẹ́ẹ̀mẹwàá kí ìpínrọ̀ tó wọlé. Mo máa ń bínú tí mo bá rí i, ẹ forí jì mí.

Ìsàlẹ̀ pátápátá wá kù, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan báyìí. Ó ń sọ ojú ìwé tí ẹ wà àti iye ọ̀rọ̀ tí ẹ ti kọ. Lápá ọ̀tún, ẹ ó rí ìlà tó ní òdì (–) àti àròpọ̀ (+) létí méjèèjì. Zoom nìyẹn, láti 10% dé 500%. Ẹnì kan tí mo kọ́ kò ríran dáadáa, ó wá sọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìwé rẹ̀ di 28 lórí Home kó lè rí i kà. Ìwé olójú kan jáde ní ojú ìwé mẹ́fà. Zoom ló yẹ kó fà: awò ojú ni, kò fọwọ́ kan bébà. Bí etí bébà bá sì sọ nù lójú yín lọ́jọ́ kan, ẹ wo àwọn àmì wẹ́wẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ zoom, kẹ́ ẹ tẹ Print Layout.

Kẹ́ ẹ lè fi dánra wò láìba ìwé ẹgbẹ́ jẹ́, ẹ ṣí ìwé òfìfo, ẹ tẹ =rand(3,4) sórí ìlà kan fúnra rẹ̀, kẹ́ ẹ sì tẹ Enter. Word á da ìpínrọ̀ mẹ́ta sílẹ̀ fún yín, gbólóhùn mẹ́rin-mẹ́rin. Ẹ fi í ṣe bó ṣe wù yín, kẹ́ ẹ wá pa á dé láì fi pamọ́.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí mi, kí ló dé tí Word ń fa ìlà pupa sídìí gbogbo Yorùbá tí mo bá kọ? Ó dà bíi pé mo gbòdo.
– Olùkọ́ Èdè

ÌDÁHÙN: Òun ló gbòdo. Ó rò pé Gẹ̀ẹ́sì lẹ ń kọ. Ẹ tẹ Ctrl àti A kí gbogbo ìwé lè di mímú, ẹ wá tẹ orúkọ èdè tó wà lórí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ ìsàlẹ̀ yẹn. Nínú fèrèsé tó bá ṣí, ẹ fi àmì sí ibi tí wọ́n kọ "Do not check spelling or grammar" sí. Pupa á lọ. Kódà bí ẹ bá fi í sílẹ̀, ìlà náà kì í jáde lórí bébà.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí. LibreOffice Writer, ètò ìkọ̀wé mìíràn, ni mo ní, kò sì jọ ti ọ̀rẹ́ mi tó ń lo Word. Ṣé kí n wá Word ni?
– Ẹni tí kò ní ribbon

ÌDÁHÙN: Fún kí ni? Ọ̀fẹ́ ni Writer, ojú rẹ̀ sì jọ ti Word àtijọ́ tí mo fi ìwé pélébé mi kọ́: orúkọ lókè, àmì lábẹ́ wọn. Ohun tí Word kó sí Home àti Layout, ẹ wá a lábẹ́ Format: Character fún lẹ́tà, Paragraph fún ìpínrọ̀, Page Style fún bébà. Rúlà wà níbẹ̀, zoom wà nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Bó bá jẹ́ ribbon ọ̀rẹ́ yín ló ń wọ̀ yín lójú ṣá, ẹ lọ sí View, User Interface, kẹ́ ẹ yan Tabbed. Èmi ò yàn án ní tèmi.