Ṣé zircon, hóró kékeré líle tó máa ń wà nínú iyanrìn, lè sọ ibi tí òkúta iyanrìn apá Ìjẹ̀bú-Òde ti wá?

Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ hóró kan ò tó. Nígbà tí zircon ń dì nínú òkúta yíyọ́, ó máa ń gba yuréníọ̀mù mọ́ra, ó sì máa ń kọ òjé. Òjé tí ẹ bá bá nínú rẹ̀ lónìí, ara yuréníọ̀mù ló ti jáde: bílíọ̀nù ọdún 4.47 ni ìdajì yuréníọ̀mù-238 fi ń di òjé, ìyẹn la fi ń mọ ọjọ́ orí hóró.

Ẹ fọ́ òkúta náà, ẹ jọ̀ ọ́, kí ẹ fi omi ṣàn án bí ẹni ń yọ òkúta nínú ìrẹsì Ọ̀fàdà. Èyí tó wúwo ló ń kù sísàlẹ̀. Mágnẹ́ẹ̀tì ló ń kó èyí tó ní irin kúrò. Ajọ̀ gbọ́dọ̀ mọ́ o! Hóró kan látinú òkúta àná ti tó láti ṣini lọ́nà.

Ẹ wọn ọjọ́ orí hóró 117, ó kéré tán. Èyí tó bá tó mílíọ̀nù ọdún 600 bá gíránáìtì ìhà àríwá Ìjẹ̀bú mu. Ẹ ya àwòrán inú hóró kí iná lésà tí a fi ń wọn ọjọ́ orí tó kàn án, torí àárín rẹ̀ lè dàgbà ju etí lọ. Bí iná bá gba méjèèjì pọ̀, ọjọ́ orí irọ́ lẹ máa rí. Hóró tó ti sán náà máa ń jo òjé dànù, á wá dà bí ọmọdé.