Èsì: Ère orí tó bẹ́ nínú iná

Àbúrò, o ní orí ìyá arúgbó tí o fi amọ̀ mọ bẹ́ nínú iná, àti pé ojú rẹ̀ kò tiẹ̀ fi ìbànújẹ́ hàn tẹ́lẹ̀, bí o tilẹ̀ fi omijé sí i. Iná kọ́ ló jẹ̀bi, omi ni. Amọ̀ tó ki láàárín ṣì tutù nínú nígbà tí ara rẹ̀ ti gbẹ. Bí ooru bá kọjá 100°C, omi yẹn á di oru, á sì fọ́ ère láti wá ọ̀nà jáde. Èmi náà ti pàdánù mẹ́ta lọ́jọ́ kan.

1. Bí amọ̀ bá ti le bí awọ, fi wáyà gé àtàrí, fi ṣíbí ha inú rẹ̀ kó ku nípọn ìka kan, kí o fi amọ̀ ṣíṣàn lẹ̀ ẹ́ padà.
2. Lu ihò sábẹ́ ọrùn.
3. Gún àpáàdì, sẹ́ ẹ, pò ó mọ́ amọ̀ tí o máa lò lẹ́yìn èyí.

Bó bá dún “pó!” nígbà tí iná ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú nìyẹn o. Bó bá jẹ́ pé ọrùn ló kàn sán, ó yára gbẹ ju orí lọ ni. Fi ọ̀rá wé ọrùn náà. Lásìkò òjò n'Íbàdàn níbí, ọ̀sẹ̀ méjì ni mo máa ń fi tèmi sílẹ̀ kó gbẹ.

Ní ti ìbànújẹ́, yọ omijé yẹn kúrò. Wo àwọn orí amọ̀ Ifẹ̀ àtijọ́: ojú wọn pa rọ́rọ́, síbẹ̀ èèyàn ni wọ́n. Èjìká ni kí o mọ dáadáa. Lọ jókòó l'Ọ́jà Ọba ní ìrọ̀lẹ́, kí o wo ìyá tí ọjà rẹ̀ kò tà bó ṣe ń palẹ̀ mọ́.