Òjò Ṣú, Omi Wà Nínú Àmù

Lẹ́tà tó wọlé:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Ọmọ ọdún 27 ni mí. Ìmọ̀ láíbìrì ni mo kà ní yunifásítì, mo sì sìnrú ìlú tán ní ọdún méjì sẹ́yìn. Láti ìgbà náà, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ̀wé tí wọ́n ń ṣe fọ́tòkọ́pì ni mo wà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n pè mí fún ìntáfíù ní láíbìrì ìjọba kan. Wọ́n kó ìwé mẹ́wàá sórí tábìlì pé kí n tò ó, mo tò ó láì ṣàṣìṣe. Màmá kan nínú wọn rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, wọ́n sì bi mí pé ìgbà wo ni mo lè bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, inú mi ń dùn ṣáá, ara mi ò sì lélẹ̀. Fóònù ni mò ń wò tọ̀sán-tòru. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti já mi kulẹ̀ rí, ìyá mi wá ní kí n yé yọ̀, pé ayọ̀ àyọ̀jù máa ń ba nǹkan jẹ́. Iléèwé aládàáni kan ládùúgbò wa tún fẹ́ kí n wá tọ́jú láíbìrì àwọn; inú páálí ni ìwé wọn ṣì wà. Owó wọn ò pọ̀, ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni wọ́n sì ń retí èsì mi. Ó ń ṣe mí bíi kí n kọ̀ ọ́, torí ọkàn mi ti sọ fún mi pé ti ìjọba yìí ti bọ́ sí i. Ṣé ìrètí mi ti pọ̀ jù ni, Mà?"

Ọmọ mi, mo kí ọ kú oríire. O lọ ṣe ìntáfíù, ó sì lọ dáadáa. Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mejì, n ò rí ibi tí ẹnikẹ́ni ti kí ọ.

Ọ̀rọ̀ ìwé mẹ́wàá yẹn, o kàn sáré kọjá lórí ẹ̀ ni. Jẹ́ ká padà síbẹ̀. Ètò Dewey, ìyẹn ètò nọ́ńbà tí wọ́n fi ń to ìwé, ni ọ̀pọ̀ láíbìrì ìlú àti ti iléèwé ń lò. Nínú rẹ̀, 896.332 ni lítíréṣọ̀ Ìgbò, 896.333 ni tiwa. Fún ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ ní ìwé tí wọ́n kọ 896.333 sí lẹ́yìn, kí o fún un ní òmíràn tí wọ́n kọ 896.5 sí. 896.5 ni yóò kọ́kọ́ gbé kalẹ̀. Yóò ní márùn-ún kéré sí ọ̀ọ́dúnrún ó lé mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Kò mọ̀ pé lẹ́yìn pọ́ìǹtì, ẹyọ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan là ń fi wé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, àti pé 3 ti ṣíwájú 5 kí á tó dé ibòmíràn. Ìwé tí wọ́n bá sì tò síbi tí kì í ṣe tirẹ̀, ó sọnù nìyẹn. Ó wà nínú ilé, ẹni tó ń wá a yóò wá a títí, yóò sì lọ sílé lọ́wọ́ òfo.

O tò ó, o ò ṣìnà. Èmi rò pé ibẹ̀ gan-an ni ayọ̀ rẹ ti ń wá. Ọdún méjì gbáko lo fi ń ṣe fọ́tòkọ́pì ìwé oníwèé, ọjọ́ kan wá dé tí ọwọ́ rẹ tún fi kan iṣẹ́ tí o kọ́, iṣẹ́ náà sì ṣì mọ̀ ọ́. Yọ̀ dáadáa. Kò sí ìgbìmọ̀ tó lè gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ.

Ẹ̀rín màmá yẹn ńkọ́? Má kọ́lé lé e lórí. Èmi náà ti jókòó lẹ́yìn tábìlì yẹn rí. A máa ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. "Ìgbà wo lo lè bẹ̀rẹ̀" náà, gbogbo ẹni tó bá wọlé la máa ń bi.

Ní 1986, ọdún tí SAP, ètò ìjọba láti tún ọrọ̀ ajé tò, dé, mo ṣe irú ìntáfíù bẹ́ẹ̀ ní iléeṣẹ́ ìjọba kan. Ọ̀gá tó jókòó láàárín wọn ní, "A ó ríra láìpẹ́." Mo gbé gbólóhùn yẹn délé bí ẹni gbé ẹyin. Iléèwé kan ní kí n wá máa kọ́ni, mo kọ̀. Àpótí lẹ́tà ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni mo fi ṣe àdírẹ́sì, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ ní àràárọ̀. Màá ki kọ́kọ́rọ́ kékeré bọ ilẹ̀kùn onírin tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, màá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo inú rẹ̀, màá tún na ọwọ́ wọlé, bóyá lẹ́tà ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan. Oṣù mẹ́rin ni mo fi ṣe é. Wọn ò kọ̀wé pé àwọn gbà mí, wọn ò sì kọ̀wé pé àwọn ò gbà mí. Ìgbà tí mo padà sí iléèwé yẹn, wọ́n ti mú ẹlòmíràn. Ọmọ mi, iṣẹ́ tí n ò rí kò dùn mí tó oṣù mẹ́rin yẹn.

Nítorí náà, gba iṣẹ́ iléèwé yẹn. Òjò tó ṣú kò ní ká da omi inú àmù nù. Iṣẹ́ rẹ kan náà ni, kì í ṣe fọ́tòkọ́pì. Sọ fún ọ̀gá iléèwé náà pé o ti ṣe ìntáfíù síbòmíràn. Àwọn kan á ní kí o pa á mọ́. Èmi ò fara mọ́ ọn, torí àwọn ọmọ ló máa jìyà rẹ̀ bí o bá dìde lọ lójijì. Bẹ̀ ẹ́ kí ó kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ẹni tó bá fẹ́ kí iṣẹ́ parí yóò sọ ọ́ ní oṣù kan ṣáájú. Ṣírò owó ọkọ̀ rẹ kí o tó fọwọ́ sí i.

Ní ti ìjọba, tábìlì tí ìwé rẹ máa gbà kọjá pọ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ò tíì tó nǹkan. Lọ sí ọ́fíìsì wọn fúnra rẹ lẹ́ẹ̀kan lóṣù tó ń bọ̀, sọ orúkọ rẹ àti ọjọ́ tí o ṣe ìntáfíù, fi ọ̀wọ̀ béèrè, kí o sì máa bá tìrẹ lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá pè ọ́ pé lẹ́tà rẹ ti jáde, kí o fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, olè ni. Má dá a lóhùn. Bí o kò bá sì tíì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ LRCN, ìgbìmọ̀ tí òfin 1995 gbé kalẹ̀ fún àwọn oníṣẹ́ láíbìrì, bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó rẹ̀ pamọ́ láti inú owó oṣù àkọ́kọ́.

Má bínú sí ìyá rẹ. Ó rí ọ lẹ́ẹ̀mejì tí wọ́n já ọ kulẹ̀, ó sì ń bẹ̀rù ẹ̀ẹ̀kẹta. Ó tọ̀nà pé kí o má tíì ròyìn fún ará àdúgbò. Ṣùgbọ́n n ò tíì gbọ́ lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ tí wọ́n ya torí pé ọmọ kan ń yọ̀ nínú yàrá ìyá rẹ̀. Jókòó tì í lálẹ́ ọjọ́ kan, kí o fi bí o ṣe to ìwé mẹ́wàá yẹn hàn án.

Lọ́jọ́ Ẹtì, kí ẹ tó sọ̀rọ̀ owó rárá, ní kí wọ́n mú ọ lọ wo àwọn páálí yẹn. Fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ wọn bóyá ó tutù. Ikán fẹ́ràn páálí tó bá wà nílẹ̀ lásán, pàápàá lásìkò òjò. Bí tábìlì kan bá wà tí wọn ò lò, ẹ jọ gbé wọn sórí rẹ̀ kí o tó kúrò níbẹ̀.