Ferric chloride tó ti kú: má dà á sí sọ́kàwéè

Àbúrò mi tó béèrè láti Ọ̀fà, tó ní òun ní kẹ́ẹ̀gì ferric chloride (omi asíìdì tó ń jẹ bàbà kúrò lára bọ́ọ̀dù ẹ̀rọ iná) lítà mẹ́rin tó ti ṣú, tí òun fẹ́ bu omi púpọ̀ là kí òun dà á sí sọ́kàwéè: jọ̀ọ́, dúró ná. Mo ti ṣe irú ẹ̀ rí, ojú mi sì rí nǹkan.

Tánkẹ́ níbí, ní Ìlọrin, ni mò ń gbé nígbà náà, nílé Alhaja kan. Bọ́ọ̀dù ínfátà ni mò ń ṣe. Tí omi mi bá ti kú, tó kúrò ní àwọ̀ pupa rúsúrúsú, tó wá ń ṣe bí omi ẹ̀fọ́ tó sùn, ẹ̀yìn ilé ni mo máa ń gbé e lọ. Màá dà á sídìí ògiri, màá bu omi lé e, ó parí. Ewúro Alhaja wà níbẹ̀. Kò pẹ́ tí ewé rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, tó ń rọ láti orí wá sísàlẹ̀. Alhaja ní àfi kó jẹ́ pé ọ̀tá ló ń bá òun jà. Ọ̀tá ọ̀hún dúró síwájú rẹ̀, ó ń ṣe "ẹ pẹ̀lẹ́ mà." Àmọ́ ohun tó gba oorun lójú mi ni ọjọ́ tí mo ka ẹsẹ̀ láti ibẹ̀ dé kànga. Kò tó ogún ìṣísẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti asíìdì nìkan. Bàbà tí omi yẹn jẹ kúrò lára bọ́ọ̀dù, inú rẹ̀ ló ṣì wà. Omi tó o bá bù là á kò ní kí bàbà ó dín, ó kàn tàn án káàkiri ni. Bàbà ń pa ẹja, ó ń pa àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ ẹ̀gbin inú sọ́kàwéè, kì í sì í jẹrà nínú ilẹ̀. Síǹkì onírin àti páìpù ńkọ́? Á jẹ wọ́n bó ṣe ń jẹ bọ́ọ̀dù.

Kó o tó sọ pé ó ti kú pàápàá, gbé abọ́ rọ́bà rẹ̀ sínú omi gbígbóná, kó o máa rọra mì ín. Tútù ló máa ń mú un lọ́ra nígbà míì.

Tó bá ti kú lóòótọ́, sódà ìfọṣọ tàbí kán-ún ló máa pa asíìdì inú rẹ̀. Kán-ún tí àwọn ìyá wa fi ń se ewédú, ẹbí kan náà ni òun àti sódà. Ìyẹn ni mo rà nígbà tí mo fẹ́ ṣàtúnṣe. Mo gún un, mo rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì, mo sì dé e pa kí n lè mì ín dáadáa. Ìwà òmùgọ̀ nìyẹn, torí gáàsì máa ń jáde tí kán-ún bá pàdé asíìdì. Kẹ́ẹ̀gì bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ìdí rẹ̀ yọ bí ikùn ọ̀pọ̀lọ́, kò lè dúró mọ́. Bí mo ṣe ní kí n sá báyìí, ìdérí fò. Omi pupa ta sára ògiri, ó ta sára jalámíà funfun tí Alfa inú yàrá kejì sá fún ìrun Jímọ̀. Ọmọ Alhaja sáré gbé bílíìṣì wá, mo figbe ta. Bílíìṣì àti irú omi yẹn kì í pàdé o, gáàsì chlorine ló máa ń jáde, àyà ló sì ń bá jà. Ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ ni mo fi fọ jalámíà náà, ó ṣí díẹ̀, mo ṣáà ra òmíràn fún Alfa.

Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí: ìta gbangba, ìbọ̀wọ́ rọ́bà, awò lójú. Bokẹ́ẹ̀tì rọ́bà ńlá tí kò ní ìdérí, má lo ìkòkò álúmíníọ̀mù láéláé. Mo máa ń kọ́kọ́ bu omi sí i, kí n tó rọra da ferric chloride lé e. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń bu sódà sí i ní ṣíbí kọ̀ọ̀kan. Á hó yeye, dúró kó rọlẹ̀ kó o tó bu òmíràn. Má rò pé ṣíbí mẹ́ta ti tó o: lítà kan omi tó nípọn lè gba ìdajì kílò sódà ìfọṣọ. Tí kò bá hó mọ́, jẹ́ kó sùn mọ́jú. Ẹrẹ̀ tó kó bàbà á wà nísàlẹ̀, omi á mọ́ lókè.

Fi sáńpépà ha ìṣó kan kó máa dán, kó o tì í bọ inú omi òkè yẹn fún bí ìdajì wákàtí. Tó bá yọ jáde pẹ̀lú àwọ̀ pupa bíi wáyà bàbà, bàbà ṣì wà níbẹ̀, tún bu sódà sí i.

Èmi kì í da omi òkè yẹn nù. Mo máa ń da gbogbo rẹ̀ sínú ọpọ́n rọ́bà fífẹ̀, kí oòrùn fà á gbẹ; nígbà ọyẹ́, kì í pẹ́ rárá. Fi nẹ́ẹ̀tì bò ó kó o sì gbé e sókè, torí ewúrẹ́ fẹ́ràn iyọ̀ àti kán-ún, wọ́n á wá lá a. Ẹrẹ̀ tó bá ṣẹ́ kù ni mo máa ń pò mọ́ sìmẹ́ńtì nínú rọ́bà ọ̀dà tó ti tán. Tó bá ti le bí òkúta, mo máa ń wé e sínú ọ̀rá kí n tó kó o lọ sí ibi ìdalẹ̀nù ìjọba, kì í ṣe ẹ̀yìn ilé ẹnikẹ́ni.

Mo gbin ewúro míì fún Alhaja, sí apá kejì ilé. Ó ń ṣàdúrà fún mi títí dòní, mi ò sì tíì sọ ohun tó pa ti àkọ́kọ́.